Ìwọ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Kí Ló Dé Tí Ọgbọ́n Tí Wọ́n Fi Ń Mú Salmon Kò Ní Ṣiṣẹ́ Ní Adágún Òkè-Ògùn?

Bí ẹ bá gbọ́ "trolling" lónìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni ẹni tó jókòó ti fóònù, tó ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu gbogbo ẹni tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń retí ẹni tó máa bínú dá a lóhùn. Àmọ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni àwọn apẹja ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á so ìwọ̀ mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ̀ á sì máa fà á lọ jẹ́jẹ́ nínú omi títí ẹja kan á fi rò pé oúnjẹ ló ń sá lọ, tí á sì gbé e mì. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni!

Fídíò irú ẹja pípa yìí pọ̀ lórí YouTube. Ẹ máa rí ọkọ̀ kan lórí adágún ńlá ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ọ̀pá ìpẹja bíi mẹ́fà nídìí rẹ̀, àti salmon tàbí trout tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e. Ọmọ Ìsẹ́yìn tàbí ọmọ Ṣakí tó bá wò ó tán máa bi ara rẹ̀ pé: àwa náà ṣáà ní adágún ńlá tiwa, Ikere Gorge. Kí ló dé tí àwa kì í ṣe é?

Ìbéèrè tó dáa ni. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ni olórí ìdáhùn. Inú omi ni ìdáhùn wà. Ìdáhùn yẹn sì kan ẹni tó ń fi ẹja pípa jẹun ní Òkè-Ògùn ju ẹni tó kàn ń wo fídíò lọ, torí pé òun ló máa jẹ́ ká mọ ibi tí ẹja lè gbé nínú adágún àti ibi tí kò lè gbé, òun náà ló sì lè ṣàlàyé ìdí tí òkú ẹja fi lè kún ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da májèlé síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fa ìwọ̀ náà

Ọkọ̀ kì í sáré. Bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà ló ṣe ń lọ, bíi kìlómítà 3 sí 5 láàárín wákàtí kan. Ohun tó wà lẹ́nu okùn kì í ṣe ekòló. Irin pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi ṣíbí ni, tàbí ike tí wọ́n ṣe bí ẹja kékeré. Bí ọkọ̀ bá ti ń fà á, á máa yí, á máa kọ mànà, bí ẹja kékeré tó fara pa tí kò lè sáré mọ́. Ẹja tó ń lé ẹja jẹ ni salmon àti trout. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, wọ́n sì tún ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ tí nǹkan bá ń mi omi nítòsí wọn. Ohun tó bá ń dán, tó sì ń sá, wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbá a mú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni mímọ bí ìwọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. Okùn tí ọkọ̀ ń fà kì í fẹ́ rì, òkè ló máa ń fẹ́ wá. Torí náà wọ́n ṣe ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní downrigger: òjé róbótó kan tó wúwo tó kìlò 4 tàbí 5, tí wọ́n so mọ́ wáyà. Wọ́n á há okùn ìwọ̀ mọ́ ara wáyà yẹn nítòsí òjé, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́, ó lè jẹ́ mítà 20, ó lè jẹ́ 30. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀, okùn á já kúrò níbi tí wọ́n há a sí, apẹja á wá máa bá ẹja fà á láìsí ẹrù òjé níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ìdí ni pé nígbà ooru tiwọn, salmon kì í sí lójú omi. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ẹni tó bá fa ìwọ̀ rẹ̀ ní mítà 5 nígbà tí ẹja wà ní mítà 25, epo ló ń jó lásán.

Salmon pàápàá, àlejò ni níbẹ̀

Ohun kan wà tí fídíò kì í sọ. Salmon tí wọ́n ń mú nínú adágún Michigan kì í ṣe ọmọ bíbí adágún náà. Adágún yìí, tí ìlú Chicago wà létí rẹ̀, fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 58,000 níbùú-lóòró. Bí ẹ bá gbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ méjì sínú rẹ̀, ó gbà wọ́n. Ẹja ńlá tó ń jẹ gàba níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni lake trout. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ́ ojú ọ̀nà omi kí ọkọ̀ lè máa ti òkun wọ àwọn adágún náà, àlejò méjì bá ọ̀nà yẹn wọlé. Èkíní ni sea lamprey, ẹ̀dá gígùn bí ejò tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ara ẹja ńlá, tó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Èkejì ni alewife, ẹja kékeré aláwọ̀ fàdákà tó bá ṣáwá tan.

Lamprey àti àwọ̀n àwọn apẹja pa lake trout run débi pé nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1950 sí 1959, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú adágún Michigan. Bí ẹni tó ń jẹ alewife ṣe lọ nìyẹn, ni alewife bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bí eéṣú. Ní 1967, wọ́n kú lọ súà, omi gbé òkú wọn wá sí etíkun Chicago, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kó wọn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja ní ìpínlẹ̀ Michigan nígbà náà, Howard Tanner, ti ronú ọ̀nà àbáyọ kan. Ẹyin coho salmon ni wọ́n gbé wá láti Oregon, wọ́n pa á, wọ́n tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì dà wọ́n sínú odò tó ń ṣàn wọ adágún náà ní 1966. Ní 1967 wọ́n fi chinook salmon kún un. Oúnjẹ pọ̀ nílẹ̀, àwọn salmon jẹ alewife yó, wọ́n sanra, ni àwọn èèyàn bá ń ti ibi gbogbo gbé ọkọ̀ wá láti wá fa ìwọ̀.

Àmọ́ àlejò tí oúnjẹ rẹ̀ bá tán, á lọ. Nínú adágún Huron tó wà nítòsí ibẹ̀, alewife wó lulẹ̀ ní 2003 sí 2004, chinook náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun mẹ́ta tí ẹja ń wá

Ẹja ń wá ohun mẹ́ta nínú omi: ìwọ̀n ìgbóná tó bá ara rẹ̀ mu, ọ́síjìn tó máa mí, àti oúnjẹ. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ẹ máa bá a.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ́síjìn. Ẹ gbé mínírà kan sínú oòrùn, ẹ gbé òmíràn sínú fíríìjì, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí méjèèjì. Èyí tó gbóná máa ru jáde, gáàsì inú rẹ̀ á sì tán kíákíá. Omi gbígbóná kì í lè di gáàsì mú bí omi tútù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí fún ọ́síjìn. Bí omi bá wà ní dígírì 10, lítà kan rẹ̀ lè gba ọ́síjìn bíi míligíráàmù 11. Bó bá wà ní dígírì 28, kò lè gbà tó 8. Kí ẹ lè mọ bí èyí ṣe kéré tó, ọ́síjìn inú lítà kan afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí lé ní míligíráàmù 250. Ìpèsè táṣẹ́rẹ́ ni ẹja fi ń gbé ilé ayé.

Ibi tó wá burú sí ni pé ara ẹja kì í gbóná fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ṣe máa gbóná tó. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná sí i, ohun gbogbo nínú ara á máa yára, á máa fẹ́ ọ́síjìn sí i. Omi gbígbóná ń dín oúnjẹ kù nínú àwo, ó tún ń mú ebi pọ̀ sí i.

Ara salmon gbà pé kó wà nínú omi dígírì 10 sí 14. Bí omi bá dé nǹkan bíi dígírì 25, ẹ̀mí chinook ti wà nínú ewu. Nígbà ooru, ojú adágún Michigan lè gbóná kọjá dígírì 20, nítorí náà salmon á sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó tutù. Níbẹ̀, ìgbóná bá a mu, ọ́síjìn wà, alewife náà sì wà nítòsí. Gbogbo iṣẹ́ downrigger ni pé kó gbé ìwọ̀ dé ibẹ̀ yẹn.

Ní tiwa ńkọ́? Ní àsìkò tó pọ̀ jù nínú ọdún, ojú adágún ilẹ̀ olóoru bíi ti Òkè-Ògùn máa ń wà láàárín dígírì 25 sí 30. Ìyẹn nìkan ti pa salmon. Ẹnì kan á wá ní: "Ó dáa, jẹ́ kí salmon náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, bó ṣe ń ṣe ní Michigan." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà ọyẹ́

Ẹni tó bá ti lo ọyẹ́ ní Ṣakí rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá rọra da omi gbígbóná lé omi tútù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ò rò ó pọ̀, òkè á máa jó yín lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ á sì tutù rinrin. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, torí náà ó máa ń léfòó. Àfi kí ẹ fi ọwọ́ rò wọ́n pọ̀.

Adágún náà bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn ń mú ojú rẹ̀ gbóná, atẹ́gùn ń ro ìwọ̀nba mítà díẹ̀ lókè pọ̀, ìsàlẹ̀ á sì wà ní ti ẹ̀. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ibì kan wà tí ìgbóná ti ń já wálẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní thermocline. Ẹ máa rò ó bí òrùlé tí a kò lè fojú rí, tó bo omi ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ lè sọ pé òkè àti ìsàlẹ̀ adágún wa kò lè fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, torí ilẹ̀ wa kì í tutù. Òótọ́ ni, dígírì mẹ́rin péré lè jẹ́ ìyàtọ̀ wọn. Àmọ́ omi ní ìwà kan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Dígírì 4 ni omi ti máa ń wúwo jù lọ. Nítòsí ibẹ̀, bí ìgbóná bá yí padà, ìwúwo rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Àmọ́ bí omi bá ti gbóná, ìyípadà dígírì kan ṣoṣo ti tó láti yí ìwúwo rẹ̀ padà gan-an. Ìyàtọ̀ ìwúwo láàárín omi dígírì 28 àti omi dígírì 29 lé ní ìlọ́po 30 ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi dígírì 4 àti omi dígírì 5. Ìyẹn ni pé dígírì mẹ́rin tiwa, láti 25 dé 29, lágbára ju ìdajì dígírì mẹ́rìndínlógún tiwọn lọ, láti 4 dé 20. Òrùlé wa tinrin lójú, àmọ́ ó le.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé náà? Ní Michigan, bí ìgbà òtútù bá ń bọ̀ àti bó bá ń lọ, gbogbo omi adágún, láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tutù bákan náà, atẹ́gùn á sì rò ó pọ̀. Ìsàlẹ̀ á mí sínú kanlẹ̀. Ọ́síjìn tó gbà nígbà náà ló máa fi gbé ìgbà ooru, torí òtútù kì í jẹ́ kí nǹkan tètè jẹrà níbẹ̀, adágún náà sì tóbi gan-an: ibi tó jìn jù níbẹ̀ tó mítà 281.

Ìsàlẹ̀ tiwa kì í tutù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sé odò, igi àti koríko tó wà ní àfonífojì náà á rì sómi, wọn á sì máa jẹrà. Lójoojúmọ́ ni ewé omi kéékèèké tó ti kú ń rọ̀ kalẹ̀ láti òkè lé wọn lórí. Bakitéríà ló ń jẹ gbogbo èyí, ooru sì ń mú wọn yára. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo ọ́síjìn. Ìmọ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀ kí ewé omi lè ṣe òmíràn, thermocline kò sì jẹ́ kí ti òkè wọlé. Bí ọ́síjìn bá tán, irú bakitéríà mìíràn á gba iṣẹ́, wọ́n á sì máa tú hydrogen sulphide jáde, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Torí náà, ẹni tó bá kó downrigger rẹ̀ wá sí irú adágún yìí, tó sọ ìwọ̀ kalẹ̀ dé mítà 25, ilé òfo ló ń fa ìwọ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ibi tí salmon ti ń rí ààbò ní Michigan, ibẹ̀ gan-an ni ẹja wa kò ti lè mí.

Adágún tó tóbi lójú, tó kéré fún ẹja

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èyí wá sílé. Ìtòsí Ṣakí ni Odò Ògùn, odò Yemọja, ti ṣẹ̀. Òun ló fún Òkè-Ògùn lórúkọ, òun náà ni wọ́n sì sé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn láti ṣe dáàmù Ikere Gorge. Ìgbà ìjọba Shehu Shagari ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó fún wa ní omi mímu, omi tí wọ́n máa fi bomi rin oko, àti iná mànàmáná. Mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 690 ni wọ́n ṣe é kó lè gbà. Mítà kúbíìkì kan, dúrọ́ọ̀mù omi márùn-ún ni.

Iye yẹn pọ̀ gan-an lẹ́nu. Àmọ́ bí ìsàlẹ̀ adágún kan kò bá ní ọ́síjìn, ẹja kò ní gbogbo rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè nìkan ló ni. Gbogbo ẹ̀pìyà, gbogbo ọ̀bọ̀kún, gbogbo ọmọ ẹja, orí ìpele kan ni wọ́n ti ń du ààyè, orí ìpele yẹn náà sì ni gbogbo àwọ̀n wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá tún fà, ààyè yẹn á tún dín. Ẹja á rọrùn láti mú, ọjà á kún, a ó sì máa rò pé ẹja pọ̀. Ìfúnpọ̀ ni a rí o. Kì í ṣe pípọ̀.

Kì í ṣe gbogbo adágún ilẹ̀ wa ló rí bákan náà o. Kainji, tí wọ́n parí dáàmù rẹ̀ ní 1968, wà lórí Odò Ọya. Omi tí odò yẹn ń gbé wá lọ́dọọdún tó nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́rin ohun tí adágún náà lè gbà, torí náà omi ibẹ̀ kì í pẹ́ nílé kó tó jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rí atẹ́gùn. Bí adágún ṣe jìn tó, bí odò ṣe ń tú u jáde tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lù ú tó, àwọn wọ̀nyí ló máa sọ bí òrùlé rẹ̀ ṣe máa le tó.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ẹja kú

Nígbà ọyẹ́, òru máa ń tutù, atẹ́gùn gbígbẹ láti àríwá á sì máa fẹ́. Ojú adágún á tutù, á wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Òrùlé yẹn á já. Omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ á wá dà pọ̀. Lóṣù òjò náà, ìjì líle kan tàbí àgbàrá tútù kan lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Èyí ní oore tirẹ̀. Ajílẹ̀ tó ti tò jọ sísàlẹ̀ á dé òkè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ewé omi á rí oúnjẹ, ẹja tó ń jẹ ewé omi náà á rí tirẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, omi tí kò ní ọ́síjìn, tó tún ní gáàsì olóòórùn nínú, á gba gbogbo adágún. Ẹja á gòkè wá, á máa la ẹnu lójú omi. Bó bá ṣe díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nírú àárọ̀ bẹ́ẹ̀: "Ẹnì kan ti da Gamalin sómi!" Ìfura yẹn kò ṣẹ̀yìn nǹkan, torí àwọn kan ń fi Gamalin 20 pa ẹja ní ilẹ̀ wa lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀sùn irú èyí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín abúlé méjì, tàbí láàárín ọmọ onílùú àti apẹja tó wá láti ibòmíràn. Kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ṣé àfẹ̀mọ́jú ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu? Ṣé omi yí àwọ̀ padà, tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́? Ṣé òtútù tàbí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni? Kí ni àrọ̀ ń ṣe? Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lórí tó lè fi mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Bí ẹ̀pìyà bá ń kú lọ rẹpẹtẹ tí àrọ̀ ṣì ń rìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ́síjìn ló tán. Bí àrọ̀ pàápàá bá ń kú, ẹ fura sí májèlé. Àmì ni gbogbo èyí, wọn kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ẹjọ́, àmọ́ wọ́n sàn ju ariwo lọ. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má ṣe kó òkú ẹja náà lọ sọ́jà, ẹ má sì jẹ ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ fi àgò sin ẹja nínú adágún ló yẹ kó fetí sí èyí jù. Ẹja tó wà ní òmìnira lè sá lọ sí ẹnu odò, níbi tí omi tuntun ti ń wọlé. Ti inú àgò kò ríbi sá sí. Owó ọdún kan lè léfòó lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ omi, ìwà ẹja wa náà kò bá ìwọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mu. Ewé omi kéékèèké àti ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀pìyà ń jẹ. Irin tó ń kọ mànà tó ń sá lọ, kí ló kàn án? Òru ni àrọ̀ sábà ń jẹun, irùngbọ̀n rẹ̀ ló sì fi ń wá oúnjẹ, kì í ṣe ojú. Ọ̀bọ̀kún ń ṣa ìgbín omi àti kòkòrò jẹ nísàlẹ̀, níbi tí kò jìn púpọ̀. Àwọ̀n, ìgèrè àti ìwọ̀ tí a fi oúnjẹ sí lẹ́nu ló bá irú ẹja wọ̀nyí mu. Ẹ má pè é ní ojú dúdú. Ẹni tó ṣe ìgèrè mọ ẹja tó ń wá.

Ní Áfíríkà níbi, ìwọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹja ọdẹ bá wà. Nínú adágún Nasser ní Íjíbítì, Nile perch ni wọ́n fi ń mú, ẹja ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi. Ó wà ní Kainji náà. Nínú adágún Kariba, láàárín Zambia àti Zimbabwe, tigerfish eléyín ṣóńṣó ni wọ́n ń mú. Níbẹ̀ pàápàá, wọn kì í wá ẹja níbi tí kò ti sí ọ́síjìn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní: "Kí wọ́n kúkú gbé ẹja ọdẹ kan wá dà sínú adágún wa." Ẹ rántí adágún Huron. Ẹ tún wá wo adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láàárín ọdún 1950 sí 1963, wọ́n gbé Nile perch lọ síbẹ̀. Ó mú owó wọlé lóòótọ́, wọ́n ń kó o lọ tà sí Yúróòpù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé parẹ́ níbẹ̀, omi tó dọ̀tí sí i náà sì ran ìparun yẹn lọ́wọ́. Ní Michigan, ẹja ọdẹ ilé ti kú tán kí wọ́n tó gbé àlejò wá. Ní Victoria, ilé kún kí àlejò tó dé. Ibi tí Odò Ògùn ń lọ kò sì parí sí Ìsẹ́yìn. Ohun tí ẹ bá dà síbẹ̀ lè bá odò dé Abẹ́òkúta, kó sì dé ọ̀sà Èkó.

Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i tún ń mú ọ̀rọ̀ yìí le. Ní 2003, Catherine O'Reilly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa adágún Tanganyika. Wọ́n rí i pé bí ojú omi ṣe ń gbóná sí i, òkè àti ìsàlẹ̀ kì í dà pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ajílẹ̀ tó ń gòkè sì dín kù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun tí ewé omi ń pèsè níbẹ̀ ti lè dín ní nǹkan bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Òrùlé tó túbọ̀ le, oúnjẹ tó túbọ̀ dín.

Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín

Ẹ ò nílò yàrá ìwádìí olówó ńlá láti mọ ibi tí òrùlé adágún kan wà. Ẹ wá ìgò kan, kí ẹ so òkúta mọ́ ọn kó lè rì. Ẹ fi kọ́ọ̀kì dí i lẹ́nu, kí ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ kọ́ọ̀kì náà. Ẹ so okùn ńlá mọ́ ọrùn ìgò, kí ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ìgò kalẹ̀ dé mítà 5, kí ẹ já kọ́ọ̀kì, kí ẹ ní sùúrù títí ìfófòó á fi dẹ́kun, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á sókè kíákíá, kí ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní mítà 10, 15 àti 20, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti wákàtí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní ohun èlò tí àwọn tó ń sin àrọ̀ fi ń wọn ọ́síjìn, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dá lọ o. Apẹja tó mọ omi náà ni kí ẹ bá lọ, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù ìléfòó.

Ibi tí ìgbóná bá ti já lójijì, tí òórùn ẹyin bíbàjẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ẹja parí sí. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣù kẹta, ẹ wọ̀n ọ́n láàárín òjò, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà ọyẹ́. Ẹ fi han apẹja tó gbé yín lọ, kí ẹ sì bi í léèrè bí àwọ̀n rẹ̀ ṣe máa ń jìn tó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Kò ní ṣòro kí ìdáhùn rẹ̀ àti nọ́ńbà inú ìwé yín bára mu. Bí wọn ò bá sì bára mu, ẹ tún padà lọ wọ̀n ọ́n.